Búrẹ́dì ápù láti inú ìkòkò oníyanrìn

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ohio fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lóṣù kẹwàá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ká ápù nínú oko, wọ́n wọ súwẹ́tà, ewé gbogbo igi ẹ̀yìn wọn sì pupa ròdòròdò. Ó ní ìgbà ìwọ́wé ti dé, gbogbo ilé àdúgbò àwọn ló ń ta sánsán búrẹ́dì ápù. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Òjò ti sé mi mọ́lé láti àárọ̀, kò sí iná, oníbàárà kan ò yọjú. Mo ní kó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́. Ó kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ ni pé kí n gbé oven sí 350. Mi ò ní oven.

Ohun tí mo ní ni gáàsì olórí méjì, ìkòkò àlùmíníọ́mù ńlá tí ìyá àwọn ọmọ mi fi ń se ìrẹsì òde, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù yẹn ló gba búrẹ́dì mi là. Ẹ óò rí ibi tó ti wọlé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀: èyí kì í ṣe búrẹ́dì Agége. Kò sí yíìsì níbẹ̀, ẹ kò sì ní pò ó títí apá á fi máa ro yín. Bẹ́kìn páúdà ló ń gbé e dìde, ó sì fara jọ kéèkì ju búrẹ́dì lọ. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ reluwé níbí ní 1913, ti dá ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1921, búrẹ́dì tó rọ̀, tó ń fà, ni Èkó mọ̀ ní búrẹ́dì. Àwọn ará àdúgbò mi jẹ tèmi tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní kéèkì ni. Mi ò bá wọn jà.

Ápù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, òun náà ló sì máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Èyí tí ọmọ mi ń lò, àná ni wọ́n ká a. Igi ápù kì í so dáadáa ní Èkó, torí ó fẹ́ òtútù gidi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́dọọdún kó tó lè tanná bó ṣe yẹ. South Africa ni púpọ̀ nínú èyí tó wà lórí àtẹ wa ti ń wá. Ìsàlẹ̀ ayé sì ni tiwọn, ìgbà ìwọ́wé wọn ò bá ti Amẹ́ríkà mu: nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni wọ́n ń kórè. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ápù tí ẹ rà lóṣù kẹwàá lè ti lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú yàrá òtútù, níbi tí wọ́n ti dín ọ́síjìn kù kó má bàa tètè gbó, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Lóde, ó ń dán. Nínú, ó ti lè di ìyẹ̀fun.

Torí náà, ẹ má fi ojú ra ápù. Òyìngbò ni mo ti ń rà á, lọ́wọ́ ìyá kan tó ti mọ ìwà mi débi pé bó bá ti rí mi lókèèrè, á ní, “Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èékánná pa mí lọ́jà lára o.” Èékánná kọ́. Mo kàn ń fi eegun ìka kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ni. Bó bá dún kọ́, ó le. Bó bá dún bọ̀ọ̀, ó ti rọ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ni màá gbé e sọ́wọ́, kí n mọ̀ bóyá ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Èyí tí àwọn ọmọ ń gbé sáré tẹ̀ lé mọ́tò nínú gó-sílò, ẹ ra ìyẹn kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti sè é lápá kan.

Aláwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ mú, èyí tí wọ́n ń pè ní Granny Smith. Ó kan, ó le, kì í yọ́ dànù sínú búrẹ́dì. Orúkọ ènìyàn gidi ni: Maria Ann Smith, ìyá àgbà kan lẹ́bàá Sydney ní Ọsirélíà, ló rí igi rẹ̀ tó ṣàdédé hù lóko rẹ̀ ní nǹkan bí 1868. Ápù pupa dára fún ẹni tí ẹ fẹ́ lọ kí nílé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ní Èkó ò ní ìgbà ìwọ́wé, kó wá wo igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé wa. Ewé rẹ̀ á pọ́n bí àlàárì, á wá já bọ́ bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣe é ni tirẹ̀, ọmọṣẹ́ mi ló sì ń gbá a.

Fúláwà, bọ́tà àti àwọn nǹkan olóòórùn, Òkè-Àrìn ni mo ti ń rà wọ́n, lọ́jọ́ tí mo bá lọ sí Balógun lọ ra òwú àti síìpù. Fún páànù kan, ẹ wá fúláwà gíráàmù 250, ìyẹn ife 2 tí ẹ kò kì mọ́lẹ̀, ṣúgà gíráàmù 150, bọ́tà gíráàmù 115, ẹyin 2, mílíìkì olómi ìdámẹ́rin ife, bẹ́kìn páúdà ṣíbí tíì 2, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, sínámọ́nì ṣíbí tíì kan àtààbọ̀, nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí ẹ rin, ìmú kan, àti ápù 2 tó tóbi díẹ̀, bíi gíráàmù 300. Ṣúgà 200 ni ọmọ mi kọ. Mo gé e kù bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù. Bí ẹ kò bá rí sínámọ́nì, ẹ lọ kànáfùrù mẹ́ta kúnná dípò rẹ̀. Ẹ má ju mẹ́ta lọ o, kó má bàa máa rùn bí oògùn eyín.

Ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbé kaná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fúláwà, torí bẹ́kìn páúdà kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí omi bá ti kàn án ló ti ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ fọ iyanrìn, ẹ sá a gbẹ, ẹ dà á sínú ìkòkò tó nípọn kó ga ní íńṣì kan àtààbọ̀. Téèpù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ẹni kì í fini sílẹ̀. Iyanrìn etíkun ò dára, iyọ̀ inú rẹ̀ a máa jẹ àlùmíníọ́mù. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ni mo ti tọrọ tèmi. Ẹ to agolo sadíìnì òfìfo mẹ́ta sórí iyanrìn náà, orí wọn ni páànù yóò jókòó sí. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná lórí iná tí kò pọ̀ tí kò kéré fún ogún ìṣẹ́jú.

350 tí ọmọ mi kọ, ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà ni. Tiwa jẹ́ nǹkan bíi 175 sí 180. Kò sí ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n nílé. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń wọ́n fúláwà díẹ̀ sórí ìdérí agolo, màá gbé e sínú ìkòkò, màá dé e. Bó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, iná ti tó. Bó bá dúdú, ẹ dín in kù.

Ẹ wá bẹ́ ápù, ẹ yọ kóró rẹ̀. Ẹ rin ọ̀kan lójú irin tí ẹ fi ń rin ilá. Ẹ gé èkejì sí wẹ́wẹ́, ìdajì íńṣì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èyí tó bá tóbi á rì sísàlẹ̀. Èyí tí ẹ rin á wọ inú búrẹ́dì lọ, á jẹ́ kó tutù lẹ́nu. Èyí tí ẹ gé ni eyín yóò máa bá pàdé. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kò ní dúdú.

Ibí yìí ni mo ti ba búrẹ́dì mẹ́ta jẹ́ tẹ̀ léra. Mo dà á pọ̀ bó ṣe wà, mo yan án fún wákàtí kan àtààbọ̀, mo gé e, àárín rẹ̀ sì rí bí ẹ̀kọ mímu. Ápù tí a rin, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ kó o sínú aṣọ funfun tó mọ́, ẹ fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó fẹ́ sá. Kò pọn dandan kó gbẹ táútáú. Bí kò bá ti kán mọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Omi tó jáde, ẹ mu ún. Lásìkò òjò, fúláwà tó ti wà nínú ọ̀rá tí wọn ò so lẹ́nu náà ti fa omi mu láti ojú ọjọ́, torí náà ẹ má da gbogbo mílíìkì sí i lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ń dà.

Ẹ po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi funfun díẹ̀. Ẹ fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ fúláwà, bẹ́kìn páúdà, iyọ̀ àti àwọn olóòórùn pọ̀, kẹ́ ẹ wá máa bù ú sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mílíìkì láàárín. Ẹ má rò ó bí àmàlà! Bí ẹ bá rò ó jù, fúláwà á máa fà, búrẹ́dì á le, ihò gbọọrọ á sì la inú rẹ̀ já. Ibi tí ẹ kò bá ti rí fúláwà funfun mọ́ ni kẹ́ ẹ ti da ápù sí i, ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà péré. Ó yẹ kó ki bí ẹ̀wà tí a lọ̀ fún àkàrà, kó máa já bọ́ lára ṣíbí lọ́ra. Ẹ dà á sínú páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa. Tèmi gùn ní íńṣì 9, ó fẹ̀ ní 5. Kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta páànù.

Ó wá ku áyọ́ọ̀nù. Ìsàlẹ̀ nìkan ni iná ìkòkò ti ń wá. Ìdí búrẹ́dì á ti máa jóná, orí rẹ̀ á ṣì funfun. Ooru ápù á gòkè lọ bá ìdérí, á di omi, á tún máa kán padà sórí búrẹ́dì. Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n fi aṣọ wé ìdérí. Mo wé e, etí aṣọ bọ́ sẹ́bàá iná, ó gbiná, búrẹ́dì ọjọ́ yẹn sì ń rùn bí àkísà. Ọjọ́ kejì, mo ń fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù láti lọ agbádá kan, mo wo ẹ̀yín iná inú rẹ̀, mo wo ìdérí ìkòkò. Ó yé mi.

Bí ẹ bá ti gbé páànù sínú ìkòkò tí ẹ dé e, ẹ fi ẹ̀mú to ẹ̀yín iná mẹ́fà sórí ìdérí, kí wọ́n yí etí rẹ̀ ká, kó má sí ọ̀kan láàárín. Ìdérí tó gbóná kì í jẹ́ kí ooru di omi. Á gba etí ìkòkò jáde lọ. Ẹ rí i pé ìdérí náà tẹ́jú, kò sì ní ike kankan lára. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, torí eèédú a máa tú afẹ́fẹ́ kan tí ojú ò rí, tí imú ò gbóòórùn rẹ̀, ó sì ti pa àwọn tó tan án sínú yàrá tó pa dé. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ẹ fi mẹ́fà mìíràn kún un kí orí rẹ̀ lè pọ́n. Kí ogójì yẹn tó pé, ẹ má ṣí i wò. Bí ẹ bá ṣí i, àárín rẹ̀ á jìn.

Bó bá di wákàtí kan, ẹ gbọn eérú kúrò kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ fi igi súyà gún àárín rẹ̀. Bí igi bá jáde láìsí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná. Ẹ gún un níbi méjì o, torí bí igi bá bá ápù pàdé, á tutù, ẹ óò sì rò pé kò tíì jinná. Lọ́jọ́ tí ìjì bá ń da gáàsì mi láàmú, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 70. Ẹni tó ní oven kò nílò eèédú. 180, ìṣẹ́jú 55 sí 65, ó parí.

Ẹ fi í sínú páànù fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó yí i jáde sórí irin tí atẹ́gùn lè gbà lábẹ́ rẹ̀. Irin ojú fáànù tó ti kú ni mo ń lò. Bí ẹ bá gé e ní gbígbóná, á fọ́ mọ́ ọ̀bẹ; ẹ fún un ní wákàtí kan. Nínú ooru Èkó, ẹ má fi í sórí tábìlì ju ọjọ́ méjì lọ, ápù inú rẹ̀ á jẹ́ kó tètè bu. Ẹ gé èyí tó bá kù, ẹ fi ọ̀rá wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kó o sínú fìrísà bí ẹ bá níná.

Èèpo ápù tí ẹ bẹ́, ẹ má dà á nù bí ẹ bá ti fọ ápù náà dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹ tẹ̀ fọ́ àti kànáfùrù kan fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Òun ni àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ń mu lórí ìjókòó ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n á máa wo irin fáànù yẹn, tí òjò á ṣì máa rọ̀.