Kí ẹ tó lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo àwòrán gbọ̀ngàn àfihàn náà kí ẹ tó gbéra. Irú àfihàn ńlá báyìí kì í sábà gba inú ilé kan ṣoṣo, ẹ ó rìn gan-an. Bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì mú owó díẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ló ká mi lára jù. Ẹ kọ ohun tí ẹ ní nílé sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 87 ọkọ̀ gidi, àlàfo àárín irin méjèèjì tó ń rìn lórí rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 16.5; ìwọ̀n N jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 160, àlàfo irin tirẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 9. Wọn ò lè lo irin ara wọn.

Mo ti ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan rí láìdán an wò. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé jíà rẹ̀ kan ti sán. Ẹ ní kí olùtajà gbé e sórí irin tó ní iná, kí ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tàbí tó ń dúró lójú ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù tó ṣọ̀wọ́n lẹ ń wá, ẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ń wá ẹ̀dínwó lè dúró di ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ olùtajà ò fẹ́ kó ẹrù padà sílé.