Bí mo ṣe tún driver Wi-Fi ṣe nígbà tí àwọn méjì ń bára wọn fa ọ̀rọ̀

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí ni àtúnṣe tí mo ṣe sí driver Wi-Fi kan (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá chip Wi-Fi ṣiṣẹ́) nínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ìlà kóòdù tó yí padà kò pọ̀. Bí a ṣe máa parí rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan fìbínú kúrò nídìí driver náà ló gba ọgbọ́n jù.

Tí kọ̀ǹpútà bá sùn tó sì jí, Wi-Fi kì í bá a jí. Kernel tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tuntun ló mú un dé. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní regression. Àwọn tó ń tọ́jú kernel kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, torí òfin tí Linus Torvalds kì í yẹ̀ ni pé ẹ̀yà tuntun kò gbọdọ̀ ba ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn èèyàn jẹ́.

Git bisect, irinṣẹ́ tó ń wá àyípadà tó fa ìṣòro nínú ìtàn kóòdù, ni mo kọ́kọ́ lò. Commit (àyípadà kóòdù kọ̀ọ̀kan) tó ń wọlé láàárín ẹ̀yà kernel kan sí èkejì sábà máa ń ju 10,000 lọ. Bisect á pín wọn sí méjì, ẹ ó dán èyí tó wà láàárín wò, ẹ ó sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa, á tún pín ìyókù. Nǹkan bí ìdánwò 14 lè mú yín dórí commit kan ṣoṣo. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ẹni tó mú commit gan-an dání kò ní máa fi ìméfò bá èèyàn jiyàn.

Commit tí mo rí ti yọ msleep kan (àṣẹ tó ní kí driver dúró díẹ̀) kúrò kí kọ̀ǹpútà lè tètè jí. Chip tuntun fara dà á. Chip àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi kì í tíì ṣe tán nígbà tí driver bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Get_maintainer.pl, irinṣẹ́ kan tó wà nínú kóòdù kernel, sọ àwọn tó yẹ kí n kọ̀wé sí fún mi. N kò kọ ọ́ pé "ẹ ti ba driver jẹ́." Mo kọ orúkọ commit, irú chip, ohun tí kernel tẹ̀ jáde, àti pé tí mo bá yọ commit náà, Wi-Fi ń padà wá.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ commit ní firmware chip àtijọ́ (ètò tó wà nínú chip fúnra rẹ̀) ló burú. Èkejì, tó ti pẹ́ nídìí driver náà, ní kí wọ́n dá commit padà lójú ẹsẹ̀, ó sì fi kún un pé àwọn kan kì í dán iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Láti ọdún 2018 ni kernel ti ní ìlànà ìwà tó ka bíbú èèyàn léèwọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà nìkan kò lè pa ìbínú.

N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, torí lójú tèmi, òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Mo bi ẹni tó kọ commit ní ìbéèrè kan: ṣé register kankan (àyè kékeré nínú chip tí driver lè kà) wà tí chip fi ń sọ pé òun ti ṣe tán? Ó dáhùn pé ó wà. Ohùn rẹ̀ sì yí padà pátápátá, torí ìmọ̀ rẹ̀ ni mo béèrè, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Mo wá fi readl_poll_timeout ka register náà títí chip á fi ṣe tán, pẹ̀lú òpin àkókò tí kò gbọdọ̀ kọjá. Chip tuntun kò ní dúró lásán, èyí tó lọ́ra á sì rí àyè jí.

Ìlà Fixes, tó ń sọ commit tí àtúnṣe ń tún ṣe, ló máa ń dun àwọn èèyàn, bí ẹni pé wọ́n kọ orúkọ wọn mọ́ àbùkù. Kò ṣeé yọ: lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 àkọ́kọ́ commit tó wà níbẹ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú kernel stable (ẹ̀yà tó ti jáde tí wọ́n ṣì ń fi àtúnṣe kún) fi ń mọ ẹ̀yà tó nílò àtúnṣe. Mo kọ ọ́, mo sì ṣàlàyé lókè rẹ̀ pé èrò commit náà dáa, chip àtijọ́ nìkan ni kò bá a mu. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ kí n tó fi Suggested-by, ìlà tó ń sọ ẹni tó mú àbá wá, sórúkọ rẹ̀. Ó gbà.

Èkejì ní òpin àkókò náà kúrú jù. Òótọ́ ló sọ. Mo yí i padà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ohun tó yí padà nínú v2 (ẹ̀dà kejì àtúnṣe náà) sábẹ́ ìlà "---" kó má bàa wọ inú ìtàn git. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Ó kéré tán, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó rán wọn létí, kó sì má jẹ́ inú ọ̀sẹ̀ méjì tí merge window, àkókò tí wọ́n ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé, fi ń ṣí.

Ẹni tó fẹ́ dá commit padà ló kọ́kọ́ fi Reviewed-by ránṣẹ́, pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kọ commit dán an wò lórí chip tuntun, ó sì fi Tested-by tirẹ̀ kún un. Maintainer (alábòójútó tó ń gba kóòdù wọlé) gbà á wọlé, ó sì dé inú kernel stable lẹ́yìn náà.