Bí A Ṣe Ń Fi Ásíìdì Ṣe Ìhunjọ Wínníwínní sí Ojú Sílíkóònù

Bí ògì gbígbóná bá ń tutù nínú abọ́, awọ tín-ínrín kan a máa bo ojú rẹ̀. Bí a bá sì fi ṣíbí tì í, awọ náà yóò hunjọ, nígbà tí ògì abẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣe sí ojú PDMS, sílíkóònù tí àwọn onímọ̀ ń lò jù. Ásíìdì yóò sọ ojú rẹ̀ di awọ líle tí ó fara jọ gíláàsì, inú rẹ̀ yóò sì wà bíi rọ́bà. Nígbà tí rọ́bà náà bá sún kì, awọ líle kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó hunjọ. Ní ọdún 1998, George Whitesides, onímọ̀ kẹ́mísírì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard fi irin tín-ínrín ṣe irú ìhunjọ yìí lórí PDMS. Ọ̀nà ti ásíìdì kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, ṣùgbọ́n ó léwu gidigidi: ilé ìwádìí tí ó ní àpótí afa-èéfín nìkan ni kí ẹ ti ṣe é, lójú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ásíìdì.

Ẹ po sílíkóònù olómi àti èyí tí ń mú un dì pọ̀ ní ìwọ̀n 10 sí 1, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ kí ó nípọn tó mìlímítà 2, kí ẹ sì gbé e sínú ààrò iná mànàmáná ní 70°C fún wákàtí 4. Ẹ gé e bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ dáadáa. Ẹ wá fà á títí gígùn rẹ̀ yóò fi fi ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, kí ẹ sì dè é mọ́ férémù Teflon, irú ike tí ásíìdì kì í jẹ, nítorí pé ásíìdì yóò jẹ férémù irin.

Ásíìdì súlífúríìkì líle ìdá mẹ́ta àti náítíríìkì líle ìdá kan ni a ń pò. Súlífúríìkì ni a ń rọra dà sínú náítíríìkì, nínú abọ́ gíláàsì tí ó wà nínú omi yìnyín, torí pé ó máa ń gbóná. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà nípọn tí a ṣe fún ásíìdì, awò tí ó bo ojú pátápátá àti ẹ̀wù ìdáàbòbò kò ṣeé má lò. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lò lójoojúmọ́ kò lè gbà yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí asitóònù wà nítòsí àdàpọ̀ yìí, nítorí ó lè bú gbàmù. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ọṣẹ fọ sílíkóònù.

Iye àkókò tí ọ̀já náà bá lò nínú ásíìdì ni ó ń pinnu ohun gbogbo. Bí ó bá ti pẹ́ sí i ni awọ ń nípọn sí i, bí awọ bá sì ti nípọn tó ni ìhunjọ ń fẹ̀ tó. Ẹ dán ìṣẹ́jú 1, 2 àti 4 wò lórí ọ̀já ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, súlífúríìkì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sílíkóònù fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e jáde sínú omi púpọ̀, ẹ ṣàn án léraléra, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tú u.

Ẹ rọra tú u, kí ó má baà sún kì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìhunjọ yóò dábùú ọ̀nà tí a fà á sí. Bí ẹ bá rí ìlà sísán tí ó bá ọ̀nà fífà náà lọ, ìdí ni pé bí ọ̀já ṣe ń kúrú ni ó ń fẹ̀, tí awọ líle kò sì lè fẹ̀ bá a. Ẹ dín fífà náà kù nígbà mìíràn.

Láti wọn ìhunjọ láìlo maikirosikóòpù, ẹ tan iná lésà pupa, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650, gba inú ọ̀já náà kọjá sára ògiri tí ó jìnnà ní mítà 1. Ìhunjọ yóò pín iná náà sí àmì mélòó kan lára ògiri. Bí àmì iná àkọ́kọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí èyí tí ó wà láàárín, ìhunjọ kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà 6.5.