Àga VIP ló kó bá mi lọ́jọ́ ìje Silverstone

18,000 náírà ni mo fọwọ́ ara mi kà padà fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ Sunday yẹn, 6 July 2025, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìjọ̀kà, l'Àkúrẹ́ níbí. Àwọn tí mo dá a padà fún ò tiẹ̀ dúpẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi owó mineral kún un. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tínú ń bí, inú ń bí mi ni.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le rárá. Gbogbo viewing centre àdúgbò wa, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n mọ̀, tó o bá ní kí wọ́n gbé ìje mọ́tò sí i wọ́n á wò ẹ́ bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé. Àwa tá a fẹ́ràn Formula 1 ò pọ̀ níbí, fóònù la fi máa ń wò ó, data á sì tán nígbà tó bá ku láàpù mẹ́ta péré, ìyẹn ìyípo pápá mẹ́ta. Mo wá ní kí n gba ibì kan, kí n háyà projector, ká jókòó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo nǹkan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ti Silverstone, pápá ìje kan nílùú Ọba, ń bẹ̀rẹ̀, lásìkò yẹn aago tiwọn àti tiwa sì dọ́gba, kò sí pé à ń jí lóru torí ìje.

Ti àga, ti jẹnẹrétọ̀, ti sub, ti mineral, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró, ẹni tó bá ti ṣe ìsọmọlórúkọ rí mọ bí wọ́n ṣe ń háyà àga.

Owó àga ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Mo máa ń wo bí wọ́n ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láwọn pápá ìje lókè òkun, mo rí i pé àga tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbéra máa ń gbówó lórí gan-an, ni mo bá ní èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Àga mẹ́fà iwájú, VIP, 3,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àga 16 tó kù, 1,500. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tó ń ta spare parts, ó ti gbé ìlú Ọba rí, ó sì ti dé Silverstone lẹ́ẹ̀kan, ó kìlọ̀ fún mi o. Ó ní "Àbúrò, iwájú kọ́ ni ibi tó dáa." Ó ní ẹni tó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbéra, á rí i bí wọ́n ṣe ń gbéra, á rí i bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ taya, lẹ́yìn ìyẹn fìì fìì lásán ló kù, torí mọ́tò tó bá ń sá 300 kilomita ní wákàtí kan, ó ń fò ju 80 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kó o tó yí ọrùn ó ti lọ. Ó ní kọ́nà ni kéèyàn wá, bíi Becketts tàbí Stowe, kó sì rí i pé screen ńlá wà lọ́ọ̀ọ́kán òun, torí láàpù kan níbẹ̀ jẹ́ kilomita 5.891, kò sí àga tó lè fi gbogbo ẹ̀ han èèyàn. Mo gbọ́, mo mi orí, mo lọ fi máákà kọ VIP sórí páálí.

Lálẹ́ Saturday, ní bí aago mẹ́sàn-án, mo gbé projector wá, mo tàn án sára ògiri funfun tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Háà! Ó mọ́ kedere, ó tóbi, àwòrán gba gbogbo ògiri. Mo ya fọ́tò ẹ̀ sí status, àwọn èèyàn ń fi iná sí i. Mo sùn bí ọba.

Ohun tí mi ò rò ni pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fọ́níṣọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ibẹ̀, gíláàsì ni iwájú ẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ló sì kọjú sí. Láàárọ̀ Sunday òjò rọ̀, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ojú ọjọ́ á ṣú. Ní bí aago kan òjò dá, oòrùn yọ bí ẹni pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Mo tan projector, mi ò rí nǹkan kan. Mi ò sọ pé ó ṣe bàìbàì o, mo ní mi ò rí nǹkan kan, ògiri funfun ni mò ń wò. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo pe ẹni tó yá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé alẹ́ la fi ń lò ó ni?" 15,000 náírà ni mo ti san fún un, kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gbowó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sáré lọ sílé, mo ká kọ́tìnì yàrá wá, ìyàwó mi ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé màá gbọ́ ọ tó bá dé. Kọ́tìnì ò ṣiṣẹ́, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wá pọ́n bí inú agbada. Mo ní kí n ra ọ̀rá dúdú, Sunday ni, àwọn tó ń tà á ti tilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà dé Ọjà Ọba, mo tún padà sí Arákálẹ̀, pàbó ni, owó ọ̀kadà nìkan ń lọ. Ìgbà tí mò ń bọ̀ ni mo rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tapólì ńlá wà lórí ẹ̀, dírẹ́bà ń sùn lábẹ́ ọkọ̀. Mo jí i. Ó ní gàrí wà lórí ọkọ̀ òun, òun ò lè ṣí i sílẹ̀. Mo ní òjò ti dá. Ó ní ta ló sọ fún mi pé òjò ti dá? A na ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi gba 5,000 lọ́wọ́ mi, ó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òun gbọ́dọ̀ gba tapólì òun, mo búra fún un.

Tapólì wúwo, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́rin la gbé e. Kò sí àkàbà, mo lọ yá ti ọkùnrin kan tó ń kun ilé, 1,000. A bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó, ìró òòlù jí onílé tó wà lókè, ó yọjú, ó ní ta ló ń fọ́ ilé òun. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ ò sì ju tèmi lọ bí mo ṣe rí i. Ó ní ká yọ ìṣó, ká fi okùn so ó. A yọ ìṣó. Aago mẹ́ta kọjá, ìje ti bẹ̀rẹ̀, mo ṣì wà lórí àkàbà.

Ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n lù mí ni pé àwọn oníbàárà mi ti ń jiyàn níta, ọ̀rọ̀ dírẹ́bà tó lọ tó padà wá ni wọ́n ń fà. Bọ̀dá mẹ́káníìkì kan ní kò sí ẹni tó padà bíi Niki Lauda, ó ní iná jó o ní pápá ìje Nürburgring ní 1 August 1976, àlùfáà ti ṣàdúrà ìkẹyìn lé e lórí, ọjọ́ 42 lẹ́yìn ẹ̀ ó ti wà nínú mọ́tò ní pápá ìje Monza, ó sì gba ipò kẹrin pẹ̀lú báńdéèjì lórí. "Ó tún fẹ̀yìn tì ní 1979, ó dé padà ní 1982, ó sì gba champion 1984, ìdajì póìǹtì ló fi ju Prost tó ṣe ìkejì lọ. Ìdajì!" Ọmọ yunifásítì FUTA kan ní ẹ jọ̀ọ́, ìtàn àwọn bàbá nìyẹn, Alonso lòun mọ̀, ó lọ ní ìparí 2018, ó padà ní 2021, ní 2023 ó gun pódíọ̀mù, ibi tí ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń dúró sí, nígbà mẹ́jọ, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ẹni tó bá jẹun yó, kó kúrò nídìí àwo, ẹ wo Schumacher, champion nígbà méje, ó lọ ní 2006, ó padà ní 2010, ọdún mẹ́ta gbáko, pódíọ̀mù kan ṣoṣo, ìyẹn ní Valencia 2012. Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní Kubica. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní póìǹtì kan péré ló rí gbà ní 2019 tó padà wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ń ka póìǹtì, èmi ń wo apá. Mo mọ bí apá ṣe máa ń rí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ já bíi tiẹ̀ yẹn nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 2011." Gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀. Èmi náà dákẹ́ lórí àkàbà.

Nígbà tí tapólì dúró, inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán wá, ó rí ràndànràndàn. Ọmọ FUTA yẹn ló ní kí n sún projector mọ́ ògiri, ó ní bí àwòrán bá ṣe kéré sí i ló ṣe máa mọ́lẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, ó mọ́lẹ̀. Ibi tí mo wá ní láti gbé projector sí báyìí, àárín àwọn VIP gan-an ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lára ẹ̀ ń fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, tẹ́nì kan bá gbé orí sókè, orí ẹ̀ á hàn lára ògiri bí òkè Ìdànrè, àwọn tó wà lẹ́yìn á pariwo "Ẹ tẹ̀ ba!" Ẹni tó san 3,000 ń tẹ̀ ba. Ẹni tó san 1,500 jókòó lẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ó ń jẹ àsun. Jẹnẹrétọ̀ ò lè gbé fáànù méjèèjì pẹ̀lú projector, mo pa ti iwájú. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta spare parts kàn ń wò mí, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló dùn mí jù.

Òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ fún wa, Silverstone ló lọ rọ̀ sí. Omi ń tú lẹ́yìn mọ́tò, gbogbo nǹkan di eérú lójú àwòrán mi tó ti ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀, iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò nìkan là ń tẹ̀ lé. VIP àkọ́kọ́ dìde ó ní kí n fún òun lówó òun, ni márùn-ún tó kù bá dìde. Mo kà á fún wọn níta. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n gbowó tán wọ́n padà wọlé, wọ́n lọ dúró lẹ́yìn.

Àmọ́ mi ò ní purọ́, ìje yẹn dùn. Nico Hülkenberg, ipò 19 ló ti gbéra, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, nígbà tí Norris gba ipò kìíní tí Piastri ṣe ìkejì, ọkùnrin yẹn ló ṣe ìkẹta, ìje 239 tó ti sá láti 2010, kò gun pódíọ̀mù rí. Ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Onílé tún yọjú, ó bá wa wò ó. Ife tí wọ́n wá gbé fún un, Lego ni wọ́n fi ṣe é, èèyàn dúró ọdún 15, nǹkan ìṣeré ọmọdé ni wọ́n fi pàdé ẹ̀. Àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ FUTA ní kì í ṣe pé ó lọ tó padà, ìrọ́pò ló ń ṣe fáwọn èèyàn ní 2020 àti 2022, bọ̀dá mẹ́káníìkì ní ẹni tí kò ní mọ́tò tiẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ẹgbẹ́ Haas tó gbà á ní 2023, kí lo fẹ́ máa pè é? Wọn ò tíì parí ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

24,000 ló kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo dá owó VIP padà. Projector 15,000, epo 12,000, tapólì 5,000, àga 4,000, àkàbà 1,000. Mo jẹ gbèsè 13,000, mi ò ka ọ̀kadà mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, aago tẹ́ ẹ máa lò ó gan-an ni kẹ́ ẹ dán projector wò, tàbí kẹ́ ẹ kúkú yá tẹlifíṣàn ńlá. Àga kan náà, owó kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kó yan ibi tó wù ú, á sì yà yín lẹ́nu pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa sáré lọ.

Aago méje kọjá ká tó tú tapólì. Dírẹ́bà yẹn ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tá a gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, òjò ti ń kán.