Bí mo ṣe gé ẹ̀ka igi ẹ̀yìnkùlé wa ní Blackheath

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé sí àdúgbò tí igi pọ̀ sí ní London, igi tẹ́ ẹ bá bá lẹ́yìnkùlé yẹn kì í ṣe tiyín nìkan o, káńsù náà ní ẹnu níbẹ̀. Sycamore kan ló wà nínú ọgbà wa, ó ga ju òrùlé lọ, òjìji ẹ̀ ti bo gbogbo ibi tíyàwó mi gbin ewédú sí, ewédú sì rèé, oòrùn ló fẹ́, ó kàn dúró sójú kan, ewé ẹ̀ ń pọ́n. Madam ní kí n yáa wá nǹkan ṣe sí i.

Mo kọ́kọ́ wo máàpù lórí wẹ́bùsáìtì káńsù, mo rí i pé inú Conservation Area la wà, ìyẹn àdúgbò tí òfin ń dáàbò bo ìrísí ẹ̀. Níbẹ̀, igi tí ìtì ẹ̀ bá ti fẹ̀ ju mìlímítà 75 lọ, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní mítà kan ààbọ̀ sókè ilẹ̀ (agolo tòmátò lásán nìyẹn o!), ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí, kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 kẹ́ ẹ tó fi ayùn kàn án. Tó bá wá ní Tree Preservation Order, ìyẹn àṣẹ tí káńsù fi ń dáàbò bo igi, ẹ máa gbàṣẹ gan-an ni, owó ìtanràn ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tiwa ò ní.

Orí Planning Portal, ìyẹn wẹ́bùsáìtì tí wọ́n ti ń tọrọ àṣẹ ìkọ́lé, ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí tigi. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gégi níbí ló là mí lóye: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ 'gé díẹ̀' o, díẹ̀ tiyín lè yàtọ̀ sí tiwọn, iye mítà ni kẹ́ ẹ kọ." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka tó kọjú sílé, mítà 2, mo ya àwòrán ọgbà, mo sàmì síbi tígi wà, mo fi fótò tì í.

Tí wọn ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ gé e, àfi kí wọ́n fi Order lé e lórí, tọ́sẹ̀ 6 bá sì pé tí wọn ò fọhùn, ẹ máa gé e lọ, ọdún 2 lẹ ní. Wọ́n fèsì pé àwọn ò ní àtakò. September ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ránṣẹ́, torí láti March dé August lẹyẹ ń kọ́lé, òfin 1981 tó ń dáàbò bo ẹyẹ sì ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ba ìtẹ́ tẹ́yẹ ń lò jẹ́.

Nígbà tọ́mọ Ìjẹ̀bú fi máa dé ní November, òtútù ti pa ewédú, ó di ti ọdún tó ń bọ̀. Ó fi okùn so ara ẹ̀ mọ́gi, ẹ̀ka ń já bọ́, wọ́n ń kì í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ igi, ariwo yẹn, háà! Màmá òyìnbó tá a jọ pààlà yọjú lórí fẹ́ńsì, mo ti ń múra àròyé sílẹ̀, àṣé ẹ̀rúnrún igi ló ń tọrọ fún òdòdó ẹ̀. Madam ní ká bù fún un, ṣùgbọ́n kó má ju ìdajì lọ, òun náà ní iṣẹ́ tóun fẹ́ fi ṣe.