Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Bí Nǹkan Ṣe Ń Gba Awọ Sẹ́ẹ̀lì Kọjá

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò WAEC ní Ẹ̀pẹ́ bá fẹ́ ṣàlàyé osmosis, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ kọ ni pé omi ń kúrò níbi tí ó pọ̀ lọ síbi tí kò pọ̀. Ẹ má ṣe fi mọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ó pọ̀, ṣé omi ni àbí iyọ̀? Ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí ni omi ń lọ, bí awọ tí ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí kì í gba iyọ̀ láàyè bá wà láàárín. Ẹni tí kò bá dárúkọ awọ náà kò tíì sọ̀rọ̀ osmosis.

Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a fi ẹja tí wọ́n pa iyọ̀ lára ní ọjà Olúwo ṣe àpẹẹrẹ osmosis nìkan. Lóòótọ́ omi ń jáde lára ẹja náà, ṣùgbọ́n iyọ̀ pẹ̀lú ń wọlé (ẹni tó bá fi se ọbẹ̀ rí kò ní jiyàn), èyí tí í ṣe diffusion, ìyẹn ìtànkálẹ̀ nǹkan láti ibi tí ó pọ̀ lọ síbi tí kò pọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni iṣu tí a máa ń lò ní láàbù. A ó gbẹ́ inú abala iṣu méjì bí ife, a ó se ọ̀kan, a ó da ṣúgà sínú méjèèjì, a ó sì gbé wọn sínú abọ́ omi. Ẹ má ṣe fi èèpo sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, nítorí kì í jẹ́ kí omi wọlé dáadáa. Ẹ má sì bu omi kún abọ́ débi tí yóò fi ṣàn wọnú ihò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi abọ́ lásán ni ẹ ó máa pè ní osmosis. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi ṣúgà yóò ti gòkè nínú iṣu tútù, ti iṣu sísè kò sì ní rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa kọ ọ́ pé iṣu sísè ti mu omi yó tẹ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: iná ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ohun tí yóò dá ṣúgà dúró mọ́.

Ẹ má sọ pé sẹ́ẹ̀lì iṣu ń bẹ́ nínú omi lásán, nítorí ògiri rẹ̀ dì í mú. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ògiri ni ó ń bẹ́, òun ni omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára fi ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà 1.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tí ó bá gba inú purotéènì awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá ni ó ń ná agbára. Gúlúkóòsì ń gba ibẹ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì pupa láìná ATP kankan, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára lò. Omi náà ní ọ̀nà tirẹ̀, aquaporin, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Peter Agre fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Èyí tí ń ná ATP ni purotéènì tí ń ṣe bí ẹ̀rọ fún sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jens Skou ṣàwárí ní 1957: sódíọ̀mù 3 ni ó ń tì jáde, pòtásíọ̀mù 2 ni ó ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá yí èyí padà ti pàdánù máàkì rẹ̀, bí àwòrán rẹ̀ tilẹ̀ dára.