Bí Mo Ṣe Gbé Ìbàdàn Dìde Láti Inú Máàpù

Orí òkè ni Ìbàdàn jókòó sí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí máàpù rẹ̀, ńṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè Màpó àti etí odò Ògùnpa dọ́gba níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn ín rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé ìlú náà dìde nínú kọ̀ǹpútà, kí òkè ó jẹ́ òkè, kí àfonífojì ó jẹ́ àfonífojì.

OpenStreetMap, máàpù orí ayélujára tí àwọn èèyàn jọ ń yà, ni mo ti rí ìlà ìpìlẹ̀ ilé àti òpópónà, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbé dìde, kì í ṣe ilé. SRTM ni mo lò fún ìyẹn: gíga ilẹ̀ tí Endeavour, ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, fi rédà (ìgbì tó ń lọ kan nǹkan tó sì ń padà) wọ̀n láti òfurufú ní oṣù kejì ọdún 2000. Nǹkan bíi mítà 30 ló wà láàárín òǹkà kan àti èkejì. Mo kó méjèèjì sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù, mo sì yí wọn kúrò ní dígírì sí mítà (UTM 31N, ìlànà máàpù tó ń fi mítà wọn agbègbè tí Ìbàdàn wà). Ẹ má fo èyí o. Bí ìbú bá wà ní dígírì tí gíga wà ní mítà, gbogbo rẹ̀ á wọ́ ni.

Gíga ilé ló gba àkókò jù, torí ọ̀pọ̀ ilé inú máàpù náà ni kò ní iye àjà lára. Àdúgbò ni mo ń wò. Ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba tí ilé ti há mọ́ra, mo fún ilé ilẹ̀ ní mítà 3, mo fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní 6. Cocoa House ní Dùgbẹ̀, alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, kò ṣeé fojú díwọ̀n; mítà 105 rẹ̀ gan-an ni mo kọ sí i.

Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, àti àfikún rẹ̀ BlenderGIS tó ń kó máàpù wọ inú rẹ̀, ló wá gbé e dúró. Mo gbé kámẹ́rà inú rẹ̀ sórí ilé ìṣọ́ gíga Láyípo ní Òkè Àrẹ, mo fi ohun tó rí wé fọ́tò tí mo yà láti ibẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó bọ́ sí ipò rẹ̀ gẹ́lẹ́, inú mi sì dùn gan-an.

Rédà máa ń kan òrùlé àti orí igi kó tó kan ilẹ̀, nítorí náà mo fi ìlà odò tẹ àfonífojì Ògùnpa wọlẹ̀ díẹ̀. Odò yìí ló kún lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tó gbé èèyàn àti ilé lọ. Nígbà tí mo mú ilé kúrò lórí ilẹ̀, ọ̀nà tí òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀ wá sínú rẹ̀ hàn kedere. Mo tún dá ilé padà: àwọn tó jókòó sójú ọ̀nà omi náà kò lóǹkà. Àwọn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé ìkọ́lé wò.